Ọjọ́ Tí Ìsopọ̀ Tán

Ayáwọ́ ni gbogbo ilé ìwòsàn ń pe ọmọbìnrin tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà fún wọn, nítorí iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan kì í ju ọjọ́ méjì lọ lọ́wọ́ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, àwọn nọ́ọ̀sì bẹ̀rẹ̀ sí í lo ètò tuntun tó kọ fún ṣíṣí ìwé aláìsàn. Nígbà tó fi máa di aago mọ́kànlá, kò sí wọ́ọ̀dù tó rí ìwé kankan ṣí mọ́. Bí nọ́ọ̀sì bá tẹ orúkọ, àmì kékeré kan á kàn máa yí po lójú kọ̀ǹpútà.

Ayáwọ́ sáré gun àtẹ̀gùn lọ bá àgbà obìnrin tó ń bójú tó ibi tí ìwé gbogbo aláìsàn wà. Òun nìkan ló mọ páswọ́ọ̀dù ibẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Màmá Kọ́kọ́rọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi dán an wò, kò kọsẹ̀ rí."

"Níbo lo ti dán an wò?"

"Ní ìbùdó ìdánwò ni, mà."

"Ẹni mélòó ló ń lò ó níbẹ̀?"

Ayáwọ́ wolẹ̀. "Èmi nìkan."

Màmá ò bínú. Ó fa àga kan sún mọ́ tirẹ̀. "Jókòó. O ò tíì dé ìbùdó gidi rí, àbí?"

Lóòótọ́ ni. Ní ìbùdó ìdánwò, Lágbájá Kìíní àti Lágbájá Kejì làwọn aláìsàn ń jẹ́, ọmọ ọgbọ̀n ọdún sì ni gbogbo wọn. Nísinsìnyí, orúkọ èèyàn gidi ló ń ṣàn lójú kọ̀ǹpútà Màmá, ọ̀kẹ́ mẹ́wàá ó lé. Ó rí bàbá arúgbó kan tí ara rẹ̀ kò gba pẹnisílìn. Ó rí orúkọ ìyá tó bí òun gan-an, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ojú fún un. Ó rọra gbọ́wọ́ kúrò lórí tábìlì.

"Ìsopọ̀ ọgọ́rùn-ún péré ni ibí lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà," ni Màmá wí. "Wo mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún tó ń sùn yìí; èmi alábòójútó ni mẹ́ta tó kù wà fún. Ètò rẹ ló ṣí wọn, ó gba èsì tó fẹ́, ó gbàgbé láti tì wọ́n. Àlejò tó jẹun tán tí kò dìde, ibo ni ẹlòmíì fẹ́ jókòó sí?"

Ayáwọ́ fi ìlà mẹ́rin kún ètò náà, kí ó lè máa ti ìsopọ̀ kọ̀ọ̀kan ní gẹ́rẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ bá parí. Lọ́tẹ̀ yìí, kò kánjú. Ó kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Màmá kà á lẹ́ẹ̀kan, ó já gbogbo àwọn tó ń sùn, ó sì gbé ètò náà wọ ìbùdó gidi.

Ìsopọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé, wọ́n ń jáde: yàrá ìgbẹ̀bí, yàrá oògùn, wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé. Wọn ò ju ogún lọ, síbẹ̀ wọ́n ń dá gbogbo ilé lóhùn. Ìlà tuntun kan yọ nísàlẹ̀: ọmọ obìnrin, kò tíì lórúkọ, aago méjìlá ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ayáwọ́ gbójú sókè wo aago ara ògiri. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta.

"Mà," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "ọmọ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé ni."

"Ọdún kejìlélógún mi rèé nídìí iṣẹ́ yìí," ni Màmá wí. "Orí mi ṣì ń wú."

Àwọn méjèèjì jọ ń wo ìlà náà. Fóònù dún. Nọ́ọ̀sì àgbà ni. "Ẹ kúuṣẹ́ o. A ti ń tún fífi bírò kọ̀wé kọ́ níbí."

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Ayáwọ́ dá ọ̀ọ́dúnrún nọ́ọ̀sì àfọwọ́dá, tí wọn kì í ṣe èèyàn gidi, sílẹ̀ ní ìbùdó ìdánwò, kí gbogbo wọn máa béèrè ìwé lẹ́ẹ̀kan náà. Ètò mìíràn tó ń kọ lọ́wọ́ ló kọ́kọ́ jù sí wọn. Ó wó lójú ẹsẹ̀. Inú rẹ̀ dùn pé ibẹ̀ ló wó sí.