Tábìlì Irin Mẹ́ta ní Ilé Àlejò

Ọjọ́ Ẹtì ni lẹ́tà Fẹ̀hìntọlá dé Ayétòrò. Fẹ̀hìntọlá fúnra rẹ̀ ti dé ní Ọjọ́bọ̀.

Sùlèímánì ọlọ́kọ̀ ojú omi, tó máa ń kó èrò láti Ugbónlà, ló na lẹ́tà náà sí Rúùtù lórí afárá pákó. Ó ní Òde Mahin ni lẹ́tà náà sùn sí, pé ẹni tí wọ́n fi rán gbàgbé rẹ̀ sápò.

"Àbúrò, má bínú. Ṣé ọ̀rọ̀ kánjúkánjú ni?"

"Ó ní kí n ká ẹní kúrò nílẹ̀ ilé àlejò kí òun tó dé." Rúùtù ká bébà náà pọ̀. "Ó ti ká a fúnra rẹ̀ lánàá. Ẹsẹ̀ ló fi ká a."

Sùlèímánì bú sẹ́rìn-ín. "Ẹsẹ̀ tó wọ bàtà Èkó nìyẹn! Ẹ kú ìfaradà o."

Ẹní ọ̀hún, Rúùtù ló hun ún. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi wà lórí rẹ̀, ó sì nípọn débi pé èèyàn lè sùn lé e láìwá nǹkan mìíràn. Ìyá Olówòkéré, tó ń bójú tó ilé àlejò, ló fi pálọ̀ ibẹ̀ sí ìkáwọ́ rẹ̀ pé kó máa tún un tò. Àwọn àgbà ìlú náà sì ti fún Rúùtù ní ọjọ́ kan: lọ́jọ́ Àìkú, kó sọ bóyá yóò fẹ́ Fẹ̀hìntọlá. Nígbà tí Fẹ̀hìntọlá wà l'Ékòó tó ń kọ lẹ́tà adùn-bí-oyin sí i, "bẹ́ẹ̀ ni" ti wà létè Rúùtù, ó kù kó já bọ́ ni.

Oṣù mẹ́jọ ni ìlú fi rán ọkùnrin náà níṣẹ́, pé kó lọ máa ra òwú àwọ̀n àti abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ra òwú, ó ra abẹ́rẹ́. Ó tún gbé tábìlì irin róbótó mẹ́ta bọ̀, pẹ̀lú ọ̀fun tuntun, torí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́ láìkọ́kọ́ wúkọ́.

Nígbà tí Rúùtù wọ ilé àlejò, Fẹ̀hìntọlá ti dúró láàárín pálọ̀, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àpò ṣòkòtò. Àwọn tábìlì náà wà nílẹ̀ níbi tó já wọn sí lánàá: ńlá, agbedeméjì, kékeré. Ojú wọn ń dán bí idẹ, ẹsẹ̀ mẹ́tamẹ́ta tí wọ́n ní sì tín-ín-rín bí ẹsẹ̀ lékeléke.

Ó wúkọ́. "Tò wọ́n sẹ́bàá ògiri. Lórí ìlà."

"Bọ̀dá, ohun tó rí róbótó kì í tò bí ọmọ ilé-ìwé. Ẹ jẹ́ ká gbé ńlá sáàárín, ká tẹ́ ẹní padà sábẹ́ rẹ̀, káwọn èèyàn lè jókòó yí i ká."

"Àwọn èèyàn wo? Àwọn apẹja? Kí wọ́n wá fi ọwọ́ ẹja kàn án? Ẹní kì í wọ pálọ̀ ọlọ́lá l'Ékòó. Ẹni tí kò ní bẹ́ẹ̀dì ló ń tẹ́ ẹní."

Rúùtù wo ilẹ̀. Kò sọ́mọ tí wọ́n bí sórí omi tí kò mọ̀ pé pákó ilẹ̀ ilé wọn kì í pàdé. Wọ́n máa ń fi àlàfo ìka méjì sílẹ̀, kí omi tó bá kún wọlé lè rí ọ̀nà jáde. Orí irú pákó bẹ́ẹ̀ ni Fẹ̀hìntọlá ti kọ́ ìrìn. Oṣù mẹ́jọ péré, ó ti gbàgbé ilẹ̀ tó kọ́ ọ ní ìrìn.

"Bọ̀dá, ẹsẹ̀ tábìlì yìí mà tín-ín-rín o. Àlàfo pákó..."

"Gbé e síbi tí mo ní!"

Rúùtù gbé ńlá sẹ́bàá ògiri. Ìyá Olówòkéré wọlé pẹ̀lú kọ́ọ̀bù omi fún ẹni tó ti ìrìn àjò dé.

"Ẹ nu ìdí kọ́ọ̀bù kẹ́ ẹ tó gbé e lé tábìlì o, Ìyá," ni Fẹ̀hìntọlá wí. "Tèmi ni ńlá yìí. Ìlú lè mú méjì tó kù."

Ìyá àgbà náà ti gbé kọ́ọ̀bù lé tábìlì, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró lórí rẹ̀. Ní Ayétòrò, níbi tí ohun gbogbo ti jẹ́ ti gbogbo ìlú, àwọ̀n tí wọ́n ń ṣe, tiwa ni wọ́n ń pè é. Ọkọ̀ tí wọ́n ń wà, tiwa. Aṣọ ọrùn wọn pàápàá, tiwa. Ó ti pẹ́ tí etí ìyá náà ti gbọ́ "tèmi" gbẹ̀yìn.

"Kí lo wí?"

"Mo ní tèmi ni." Kí ó lè dá wọn lójú, ó fi ìdí lé etí tábìlì náà bí ọba.

Ẹsẹ̀ tábìlì kan wọ àlàfo pákó ṣìì. Tábìlì dojú dé. Kọ́ọ̀bù fò, Fẹ̀hìntọlá tẹ̀ lé e. Kọ́ọ̀bù yí gbirigbiri gba ẹnu ọ̀nà, ó bọ́ sódò. Àwọn obìnrin tó ń di àwọ̀n lóde rí i, wọ́n yọjú wolé, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn.

"Pẹ̀lẹ́ o, onítábìlì," ni Ìyá Olówòkéré wí. "Tìrẹ nìkan ló mà ṣubú. Tiwa méjèèjì wà lórí ìdúró."

Fẹ̀hìntọlá dìde, ó kọjú sí Rúùtù. "Ìwọ lo gbé e síbẹ̀! Ará odò! Jẹ́ kí n mú ẹ dé Èkó ná, màá kọ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ilé."

Rúùtù bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó fa ẹsẹ̀ tábìlì yọ. Ó lọ gbé ẹní rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, ó gbọn ipasẹ̀ bàtà kúrò lára rẹ̀, ó sì tẹ́ ẹ bo àwọn àlàfo náà. Ó gbé ńlá sáàárín, ó gbé agbedeméjì sún mọ́ ọn, etí méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra, ó sì fi àyè orúnkún sílẹ̀ yí wọn ká. Kékeré lọ sídìí fèrèsé, fún àtùpà. Ìmọ́lẹ̀ orí omi wọlé wá bà lé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Wọ́n dára. Àwọn tábìlì ò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Fẹ̀hìntọlá ń gbọn ìdí ṣòkòtò rẹ̀. Ó wúkọ́. "Ó dáa díẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú ńkọ́, kí lo máa sọ fún àwọn àgbà?"

Tábìlì kékeré ń mì díẹ̀. Rúùtù mú lẹ́tà náà, ó ṣẹ́ ẹ po mẹ́rin, ó tì í bọ abẹ́ ẹsẹ̀ tábìlì náà, ó sì dìde.

"Màá sọ fún wọn pé mi ò fẹ́ yín, Bọ̀dá Fẹ̀hìntọlá. Mi ò ní bá yín lọ sí Èkó. Ibí ni mo máa wà, èmi àti tábìlì wa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."