Ohùn Ìyá Olùkọ́

Kọ̀ǹpútà náà tàn lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò wọlé. Gbogbo ojú rẹ̀ di búlúù, ó sì ń béèrè kọ́kọ́rọ́ oní-nọ́ńbà méjìdínláàádọ́ta.

"Kọ́kọ́rọ́ wo?" ni Dókítà bi í, bí ẹni pé ó lè dáhùn.

Dókítà ni àwọn oníbàárà ń pe obìnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe yìí, nítorí kọ̀ǹpútà tó bá kú mọ́ ẹlòmíràn lọ́wọ́ sábà máa ń jí lọ́wọ́ tirẹ̀. Òun náà fẹ́ràn orúkọ yìí ju bó ṣe yẹ lọ. Láàárọ̀ yìí, ó yọ mọ́dábọ́ọ̀dù tó ti ń kú lọ, ìyẹn pátákó ńlá tí gbogbo ẹ̀yà inú kọ̀ǹpútà so mọ́, ó sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Dísìkì nìkan ni kò yí padà, kí gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ lè wà bó ṣe wà. Àìmọye ìgbà ló ti ṣe irú rẹ̀ rí. Ó tilẹ̀ ń kọrin lábẹ́lẹ̀ nígbà tó ń de nọ́ọ̀tì tó kẹ́yìn.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú bébà kan nílẹ̀. Ẹni tó ṣètò kọ̀ǹpútà náà ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìdérí rẹ̀. Dókítà ti ka ìlà àkọ́kọ́ láàárọ̀: "Má ṣe pa ètò inú rẹ̀ rẹ́ láti to òmíràn sí i." Ó pòṣé, ó ní, "Ṣé ọmọ àná ni mí ni?" ó sì já bébà náà jù sílẹ̀. Ìsinsìnyí ló wá ka ìlà kejì: "Dísìkì yìí wà ní títì, bọ́ọ̀dù yìí nìkan ló sì mọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ṣí dísìkì kí o tó yọ bọ́ọ̀dù."

Ẹni tó kọ bébà náà ti kú láti ọdún tó kọjá.

Ká ní kọ̀ǹpútà ilé-iṣẹ́ kan ni, ì bá bẹ̀bẹ̀. Ṣùgbọ́n ti Ìyá Olùkọ́ ni, obìnrin tó kọ́ ọ ní ìwé kẹrin. Kí àwọn dókítà gidi tó ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyá náà lọ́fun, wọ́n ti sọ fún un pé kò ní lè sọ̀rọ̀ mọ́. Ó jókòó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ń ka ọ̀rọ̀ sínú kọ̀ǹpútà yìí. Láti ìgbà náà, bó bá ti tẹ ọ̀rọ̀, kọ̀ǹpútà á sọ ọ́ jáde ní ohùn ìyá náà gan-an. Kò sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Dókítà wo dísìkì tí kò tó àtẹ́lẹwọ́.

Ó ku ọ̀nà kan. Bọ́ọ̀dù àtijọ́ kò tíì kú tán. Láàárọ̀, ó tàn lẹ́ẹ̀kan nínú ìgbà mẹ́rin, ó sì kú lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún. Bó bá dá a padà, tó sì tàn lẹ́ẹ̀kan péré, yóò ráyè ṣí dísìkì náà. Bí kò bá tàn mọ́ ńkọ́? Nọ́ọ̀tì kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó yí lọ sábẹ́ tábìlì. Orí ìkúnlẹ̀ ló wà tó ń wá a nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí.

"Ẹ kúuṣẹ́ o, Dókítà!" Ọmọ Ìyá Olùkọ́ ló kọ́kọ́ wọlé, obìnrin tó ti ní ewú díẹ̀ lórí. Ìyá rẹ̀ tẹ̀lé e, ìwé àti kálàmù lọ́wọ́. "Màmá ò jẹ́ ká rímú mí. Wọ́n ní ṣé ó ti ṣeé gbé?"

"Ẹ káàsán, mà." Dókítà ò tún nílò àtikúnlẹ̀, ó ti wà lórí ìkúnlẹ̀ tẹ́lẹ̀. Irọ́ ti dé ẹnu rẹ̀: ẹ padà wá lọ́la, ẹ̀yà kan ló kù tí mò ń retí. Ṣùgbọ́n ìyá náà ń wò ó. Bó ṣe máa ń wo ẹni tó bá jí ìwé wò nínú ìdánwò nìyẹn.

"Mo ti ṣe àṣìṣe, mà," ni ó sọ. "Wọ́n kọ ọ́ sínú bébà pé kí n kọ́kọ́ ṣí dísìkì. Mi ò kà á tán. Ó ti tì pa báyìí, ohùn yín sì wà nínú rẹ̀. Mo fẹ́ dá bọ́ọ̀dù àtijọ́ padà, àmọ́ ó lè má tàn mọ́ láéláé."

"Kí lẹ wí?" Ọmọ ìyá náà pariwo. "Ẹ ò kà á tán? Ohùn màmá mi lẹ fi ń ṣeré?"

Ìyá náà gbé ọwọ́ sókè, ọmọ rẹ̀ sì panu mọ́. Ó kọ ọ̀rọ̀ méjì sínú ìwé, ó nà án sí Dókítà: "Tàn án." Lẹ́tà rẹ̀ gún bíi ti ojú pátákó ìkọ̀wé, ṣùgbọ́n ó di kálàmù náà mú gírígírí. Ẹ̀rù ń ba òun náà.

Dókítà dá bọ́ọ̀dù àtijọ́ padà. Ó tẹ̀ ẹ́, kò tàn. Ó tún tẹ̀ ẹ́, pàbó. Lẹ́ẹ̀kẹta, fáànù inú rẹ̀ yí díẹ̀, ó dúró. Ọmọ ìyá náà ti kọ ojú sí ògiri, ó ń sunkún.

"Olúwa, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo," ni Dókítà ń sọ lábẹ́lẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, mi ò ní gbéra ga mọ́."

Lẹ́ẹ̀karùn-ún, ojú kọ̀ǹpútà náà tàn, ó sì wọlé láìbéèrè ohunkóhun. Dókítà wá ibi tí wọ́n ti ń ṣí dísìkì. Ó fi ìka tọ gbogbo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀, ó kà á dé ìparí kó tó tẹ̀ ẹ́. Dísìkì ṣí. Ìṣẹ́jú kan kò tíì pé tí bọ́ọ̀dù náà fi kú, tí òórùn jíjó gba yàrá kan. Kò tún tàn mọ́.

Nígbà tó fi bọ́ọ̀dù tuntun sí i padà, kọ̀ǹpútà náà pẹ́ kó tó wọlé. Ó ń kọ ọ́ sójú pé òun ń dá àwọn ẹ̀yà tuntun mọ̀. Nígbà tó wọlé, Ìyá Olùkọ́ fà á sọ́dọ̀, ó fi ìka kan ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ohùn rẹ̀ sì jáde, ohùn tí kíláàsì mẹ́ta máa ń gbọ́ lẹ́ẹ̀kan náà láyé ọjọ́un:

"Láti ìwé kẹrin ni mo ti ń sọ fún ọ. Ka ìbéèrè tán kí o tó dáhùn."

Ọmọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín tẹkúntẹkún. Dókítà kò lè rẹ́rìn-ín. Ó ti padà sórí ìkúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ni ó wí, "ẹ tún un sọ."