Ìdí Tí Corrie Hudak Fi Kúrò ní Brandt's Ferry

Bí Marlene Hudak bá fẹ́ ra ẹyin, á kọ́kọ́ ṣí páálí rẹ̀ nínú ilé ìtajà, á sì yí ẹyọ kọ̀ọ̀kan wò kó tó gbé e. Bí dókítà bá ní kò sí ohun tó ṣe é, á béèrè ohun tí dókítà ń fi pamọ́. Ọdún kọkàndínlógún rèé tó ti ń wa bọ́ọ̀sì fún ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba ní Brandt's Ferry, kò sì tíì sí ọjọ́ kan tó gbà pé ohun tí wọ́n sọ fún òun ni gbogbo ohun tó wà níbẹ̀. Nítorí náà, nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fura lórí ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ọmọ rẹ̀, kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu nílé.

Corrie, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún. Bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ló ń gbá. Kò ga, àmọ́ òun ló ń darí eré fún àwọn ọmọbìnrin Brandt's Ferry, ó sì máa ń rí àlàfo kí àlàfo ọ̀hún tó ṣí. Ohun kan ṣoṣo ni òun àti ìyá rẹ̀ ń wá: kí yunifásítì kan rí i, kí wọ́n fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nítorí bọ́ọ̀lù, kó lè ti ibẹ̀ di nọ́ọ̀sì. Ọdún kẹta nínú mẹ́rin tí wọ́n ń lò ní girama ni àwọn kóòṣì yunifásítì máa ń yan èyí tí wọ́n fẹ́. Ẹni tí wọn ò bá rí lọ́dún náà, ó ṣòro kí wọ́n tó rí i mọ́.

Ìfura náà bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní, nígbà tí Corrie ṣì wà ní ọdún kejì. Marlene fi bọ́ọ̀sì gbé ẹgbẹ́ náà lọ sí Saint Walburga, ilé ẹ̀kọ́ aládàáni ti ìjọ Kátólíìkì tó wà lórí òkè, níbi tí pákó ilẹ̀ gbọ̀ngàn eré ti ń dán bíi pé ẹnikẹ́ni ò tíì tẹ̀ ẹ́ rí. Àwọn mẹ́ta kan jókòó lápá ọ̀tún, orúkọ yunifásítì wà láyà ẹ̀wù wọn. Ọmọ gíga kan láti Saint Walburga ni wọ́n wá wò. Corrie ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n títí ó fi ní àmì méjìlélógún, ó sì já bọ́ọ̀lù gbà lọ́wọ́ ọmọ gíga náà lẹ́ẹ̀mẹrin. Nígbà kẹrin, ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà dìde. Inú Marlene dùn, ó rò pé ẹni náà ti rí ọmọ òun. Gúgúrú lẹni náà lọ rà.

Ẹni tó lọ ra gúgúrú ló yẹ kó bínú sí. Kóòṣì Farabaugh, ẹni tó ń kọ́ ẹgbẹ́ Corrie, ló bínú sí.

Len Farabaugh ti lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ní Brandt's Ferry. Òun ló kọ́ Marlene gan-an bí wọ́n ṣe ń ju bọ́ọ̀lù nígbà tí Marlene wà lọ́mọge, òun náà sì ni olórí gbogbo eré ìdárayá níbẹ̀ báyìí. Ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń sọ: "Fara balẹ̀, Marlene. Wọ́n á wá." Lọ́jọ́ kan Marlene yọ sí i lọ́fíìsì, ó bá a tó ń ti àwọn àpòòwé kan sínú àpótí tábìlì rẹ̀. Àmì yunifásítì wà lára wọn.

"Lẹ́tà ta nìyẹn?" ó bi í.

"Tèmi ni."

"Yunifásítì ń kọ̀wé sí yín? Ṣé ẹ fẹ́ padà sílé ìwé ni?"

Farabaugh rẹ́rìn-ín, ó sì ti àpótí náà pa. Ẹ̀rín yẹn ni Marlene gbé délé, òun ló sì ń rò títí ọmọ rẹ̀ fi dé láti ibi ìdánrawò.

"Mọ́mì, Kóòṣì ló ń kọ̀wé sí wọn nítorí mi," ni Corrie sọ. "Ó ti fi èsì wọn hàn mí. 'A dúpẹ́, a ti ní ẹni tó tó wa' ló wà nínú gbogbo ẹ̀."

"Èyí tó fẹ́ kó o rí ló fi hàn ọ́."

"Kí ló wá fẹ́ fi èyí tó kù ṣe?"

"Ìwọ lò ń jẹ́ kí ẹgbẹ́ ẹ̀ borí. Bí àwọn yunifásítì bá ń wá ẹ wá, táwọn ilé ìwé olówó sì gbọ́, ṣé o máa dúró tì í ni?"

Corrie gbé abọ́ oúnjẹ rẹ̀, ó sì lọ jẹ ẹ́ ní yàrá.

Ní oṣù Kẹfà, ìdíje ńlá kan wáyé nínú gbọ̀ngàn kan tó gba pápá mẹ́jọ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí Marlene ṣe tò láti ra kọfí, obìnrin kan wá dúró lẹ́yìn rẹ̀. Paige Trumbull ni, kóòṣì Saint Walburga, ẹni tí eyín rẹ̀ funfun ju bó ṣe yẹ lọ.

"Ìyá Corrie, ẹ kú ìdúró o. Mi ò gbọdọ̀ bá yín sọ nǹkan kan o. Òfin ò gbà kí n máa pe ọmọ ilé ìwé ẹlòmíì."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ pè é?"

"Kò sẹ́ni. Àmọ́ bẹ́nì kan bá bi mí pé ibo ni ilẹ̀kùn ilé ìwé wa wà, ṣé kí n díbọ́n pé mi ò mọ̀ ọ́n ni?" Ó rẹ́rìn-ín. "Kóòṣì yunifásítì mọ́kànlá ló wá sọ́dọ̀ wa lọ́dún yìí. Mélòó ló wá sọ́dọ̀ yín?"

"Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ní ẹ ò gbọdọ̀ bá mi sọ nǹkan kan."

"Mi ò sì sọ nǹkan kan."

Marlene ò gba eyín yẹn gbọ́. Ó mọ̀ pé bí ẹsẹ̀ Corrie bá rọ́ lọ́la, obìnrin yìí ò ní rántí orúkọ rẹ̀. Àmọ́ mọ́kànlá ni mọ́kànlá, òdo sì ni òdo. Ní oṣù Kẹjọ, ó forúkọ Corrie sílẹ̀ ní Saint Walburga. Corrie béèrè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bóyá ó dá ìyá rẹ̀ lójú, Marlene ní ó dá òun lójú. Ọmọ náà fẹ́ràn àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, àmọ́ ó fẹ́ di nọ́ọ̀sì jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì gbà.

Ó wá ku fọ́ọ̀mù. Ọmọ tó bá kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ kan bọ́ sí òmíràn, ó di dandan kí olórí eré ìdárayá níbi tó ti kúrò dáhùn ìbéèrè kan fún àjọ eré ìdárayá ìpínlẹ̀: ṣé eré ìdárayá lọ́wọ́ nínú kíkúrò rẹ̀? Bí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ náà ò ní gbá bọ́ọ̀lù fún ọdún kan gbáko. Wọ́n ṣe òfin náà kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ olówó má baà máa kó ọmọ àwọn tó kù lọ. Gbogbo òbí tó ń gbé ọmọ gun òkè Saint Walburga ló sì mọ ohun tí òbí ń kọ síbi tí fọ́ọ̀mù ti béèrè ìdí: kíláàsì wọn ò kún, ìṣirò wọn dáa, ẹ̀sìn wa ni. Kò sẹ́ni tó ń kọ bọ́ọ̀lù. Marlene, tó jẹ́ pé pierogi tí àwọn ìyá ìjọ ń sè tà lọ́jọ́ Ẹtì nìkan ló ń gbé e dé ṣọ́ọ̀ṣì, kọ ọ́ gàdàgbà pé: ìdàgbàsókè nínú ìgbàgbọ́.

Farabaugh kà á ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé.

"Ìgbàgbọ́?"

"Ìgbàgbọ́ ni."

"Ìwọ, Marlene?"

"Ṣé ẹ̀yin ni Ọlọ́run ni?"

"Ó dáa. Fi sílẹ̀, màá wò ó."

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, fọ́ọ̀mù náà ṣì wà lórí tábìlì rẹ̀, ife kọfí sì wà lórí fọ́ọ̀mù. Ọjọ́rú, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ní Ọjọ́bọ̀, Marlene yọjú lójú fèrèsé, ó rí i tó mú bírò dání, tó tẹjú mọ́ ìwé náà, tó sì tún gbé bírò sílẹ̀. Ó dá a lójú pé "bẹ́ẹ̀ ni" ni ọkùnrin náà fẹ́ fàlà sí, pé ó kàn ń falẹ̀ kó lè gbádùn rẹ̀ dáadáa ni.

"Ó fẹ́ ba ayé ọmọ mi jẹ́," ó sọ fún Dot, àbúrò rẹ̀, ní kíṣìnì.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ lọ bá a, kẹ́ ẹ jọ sọ ọ́."

"Kó lè mọ ibi tí mo dúró sí?"

"Ibi tẹ́ ẹ dúró sí náà ni kíṣìnì yìí, ẹ̀ ń bá ògiri jà."

"Ó máa sọ fún àjọ pé nítorí bọ́ọ̀lù la ṣe ń lọ!"

"Ṣé kì í ṣe nítorí bọ́ọ̀lù ni?"

"Ìyẹn kọ́ là ń sọ!"

Ohun tí Marlene ń sọ ni pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ àjọ ni wọ́n máa gbà gbọ́. Bí wọ́n bá ti mọ irú èèyàn tí Farabaugh jẹ́, ohunkóhun tó bá fàlà sí á dà bí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́tanú. Ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó sì kọ lẹ́tà olójú ewé mẹ́ta. Ó kọ nípa àwọn àpòòwé inú àpótí tábìlì. Ó kọ nípa ẹ̀rín. Ní ojú ewé kẹta, ó kọ gbólóhùn kan tó dùn mọ́ ọn débi pé ó kà á sókè fún Dot lẹ́ẹ̀mejì: "Ká ní ọkùnrin yìí jẹ́ kí àwọn yunifásítì rí ọmọ mi níbi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù ni, n kì bá tí gbé e kúrò ní Brandt's Ferry láéláé."

"Ṣé Corrie ti kà á?" ni Dot béèrè.

"Kí ni ti Corrie nínú ẹ̀?"

Òmùgọ̀ èèyàn ò lè ṣe irú nǹkan báyìí, ó gba ẹni tó ń ronú gan-an. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Marlene fúnra rẹ̀ wakọ̀ lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, nítorí kò gba àpótí lẹ́tà ojú títì gbọ́. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, Farabaugh náà fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́.

Corrie ti lo ọ̀sẹ̀ méjì ní Saint Walburga nígbà tí àjọ pè wọ́n. Yàrá ìpàdé kan ní òtẹ́ẹ̀lì ẹ̀bá òpópónà ni, kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń rùn bí aṣọ tí kò gbẹ dáadáa. Àwọn mẹ́ta jókòó sídìí tábìlì, Ìyáàfin Osterhout ni alága wọn, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tó ń wo èèyàn láti òkè gíláàsì rẹ̀. Paige Trumbull jókòó nítòsí ilẹ̀kùn. Farabaugh wọ kóòtù tó máa ń wọ̀ lọ síbi ìsìnkú. Marlene rí kóòtù náà, ó sì múra ìjà.

"Ọ̀gbẹ́ni Farabaugh," ni alága sọ, "ẹ̀yin lẹ fàlà sí 'rárá' níbí yìí?"

"Èmi ni."

Marlene yí ọrùn bìrí.

"Ẹ tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ ti mọ ìdílé yìí fún ọgbọ̀n ọdún, àti pé bí wọ́n bá ní ìgbàgbọ́ ni, ìgbàgbọ́ ni."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà." Ó ń wo bàtà rẹ̀. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé Marlene ohun tó ń ṣe pẹ̀lú bírò ní Ọjọ́bọ̀. Len Farabaugh ò parọ́ lórí fọ́ọ̀mù rí, ọjọ́ mẹ́rin ló sì fi kọ́ ọ.

"Ó dáa. Kí ẹnì kan wá bá mi ṣàlàyé èyí," ni alága sọ. "Ó dé ọ̀dọ̀ wa ṣáájú fọ́ọ̀mù." Ó ṣí lẹ́tà náà sí ojú ewé kẹta, ó sì ka gbólóhùn yẹn jáde. Ní kíṣìnì, ó dùn. Níbí, pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ obìnrin náà, gbogbo èèyàn gbọ́ ohun tó ń sọ. Corrie gbọ́ ọ. Farabaugh gbọ́ ọ, etí rẹ̀ sì pọ́n.

"Ìyáàfin Hudak, ṣé ẹ̀yin lẹ kọ èyí?"

Kí Ọlọ́run foríjì í, ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni láti béèrè ẹni tó fún wọn ní lẹ́tà náà. Lẹ́yìn náà ló wò yíká yàrá, ó ń wá ẹni tí ẹ̀bi náà máa jẹ́ tiẹ̀. Kò sí.

"Èmi ni mo kọ ọ́," ó sọ.

Ọdún kan láìgbá bọ́ọ̀lù ni wọ́n dá fún Corrie, bó dúró sí Saint Walburga o, bó padà sí Brandt's Ferry o. Gbogbo ọdún kẹta rẹ̀ ló lọ yẹn. Kí alága tó ka ìdájọ́ náà tán, àga Paige Trumbull ti ṣófo.

Níta, níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, Farabaugh wá bá wọn. Corrie ló ń wò.

"Mo ní láti pe ẹnì kan lónìí," ó sọ. "Kóòṣì kan ni, yunifásítì ẹ̀ ń kọ́ nọ́ọ̀sì. Ó ti ní òun máa wá wò ẹ́ ní oṣù Kejìlá, mo sì ti júwe ọ̀nà Saint Walburga fún un. Màá sọ fún un pé kó má wulẹ̀ yọ ara ẹ̀ lẹ́nu mọ́."

"Ìgbà wo ló sọ bẹ́ẹ̀?" ni Marlene béèrè.

"Àárọ̀ ọjọ́ Ajé tó o gbé fọ́ọ̀mù wá. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé fóònù sílẹ̀ ni tó o wọlé."

"Ẹ ò sì sọ fún mi!" Ohùn rẹ̀ ròkè débi pé ọkùnrin kan tó ń kó ẹrù sínú ọkọ̀ gbójú sókè. "Ẹ̀ ń wò mí lójú, ẹ ò sì sọ fún mi!"

Farabaugh ò bínú. Ì bá sàn kó bínú.

"Ọjọ́ tó o wá mú ọmọ ẹ kúrò lọ́wọ́ mi, kí n wá sọ fún ẹ pé kóòṣì yunifásítì kan ń bọ̀. Ṣé o máa gbà mí gbọ́, Marlene?"



"Rárá," ni Corrie dáhùn. "Wọn ò ní gbà yín gbọ́."

Kò pariwo. Ó bọ Farabaugh lọ́wọ́, ó ní ó ṣeun, ó sì ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ọkọ̀, ó jókòó síbẹ̀ fúnra rẹ̀, ó de bẹ́líìtì, ó ń dúró kí ìyá rẹ̀ wá wà á lọ sílé.