Ọkọ̀ Tí Ọwọ́ Kò Kàn Rí

Omi ọṣẹ ló kọ́kọ́ rí. Ó ń ṣàn bọ̀ lábẹ́ ilẹ̀kùn gáráàjì, ó ń hó, ó gba orí kọnkéré wá pàdé bàtà rẹ̀. Kí ó tó mọ ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ṣe, ó ti ń sáré.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án!"

Igbe yìí ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Níbikíbi tí wọ́n bá ti ń ta ọkọ̀ àtijọ́ ní gbàǹjo, Má-fọwọ́-kàn-án ni wọ́n ń pè é. Àwọn kan kò tilẹ̀ mọ̀ pé àwọn òbí rẹ̀ ti kọ́kọ́ fún un ní orúkọ mìíràn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yẹ ọkọ̀ wò kí ó tó dé iwájú àwọn oníbàárà, kí ó sì sọ ohun tó jẹ́ òótọ́ lára rẹ̀ àti ohun tí wọ́n fi ọ̀dà bò mọ́lẹ̀.

Ọwọ́ ti kàn án kí ó tó dé. Obìnrin àgbàlagbà kan dúró ti ọkọ̀ náà, ó ká apá aṣọ dé ìgbọ̀nwọ́, kànrìnkànrìn wà lọ́wọ́ rẹ̀, garawa sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó gbójú sókè, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí ó má bínú, òun ti rò pé òun á parí kí àlejò tó dé. Ó ní ta ló máa ń fi ìdọ̀tí pàdé àlejò.

Má-fọwọ́-kàn-án rìn yí garawa ká. Ó ń wo ọkọ̀. Ọkọ̀ asáré ni, ẹlẹ́ni-méjì, ó rẹlẹ̀ bí ẹranko tó fẹ́ fò mọ́ nǹkan, àwọ̀ rẹ̀ sì dúdú bí aró tó jinlẹ̀. Nínú àwòrán tí ọmọ tí obìnrin yìí bí fi ránṣẹ́ sí i, eruku bò ó láti orí dé táyà, bí aṣọ ìbora. Eruku yẹn gan-an ni àwọn olówó tó ń ra irú rẹ̀ ń wá kiri. Ọkọ̀ tí wọ́n tún ṣe wọ́pọ̀ bí ilẹ̀ bí ẹní. Èyí tó ṣì wà bí ó ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn ni ojú ń pọ́n wọn fún.

Àwòrán náà ló dá wàhálà sílẹ̀. Ojú Má-fọwọ́-kàn-án kò ì tíì kan ọkọ̀ tí ó fi sọ fún Onígbàǹjo, ọ̀gá tó ń ta ọjà náà, lórí fóònù pé, "Ọwọ́ kò kàn án rí." Ohùn rẹ̀ dá ṣáká. Onígbàǹjo sì ti fi gbólóhùn náà sí ojú ewé àkọ́kọ́ nínú ìwé ọjà, ó fi orúkọ Má-fọwọ́-kàn-án tì í lẹ́yìn, ó ku kí òǹtẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ẹyin lohùn. Ó ti ń gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, àfi bí ẹni pé àwọn ẹlòmíràn ni wọ́n ń pa á fún.

Ọmọ náà jáde sí wọn, ife tíì ní ọwọ́ ọ̀tún àti òsì. Tíṣà ìṣirò ni, ó ti lé lógójì ọdún, ó sì ní ìwò ẹni tó máa ń ka nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tó rí ọkọ̀, díẹ̀ nínú tíì dà sí i lẹ́sẹ̀.

"Màámi, ta ló ní kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́?"

"Ta ló ní kí n má fọ̀ ọ́?"

Tíṣà gbé ife méjèèjì sórí pẹpẹ irinṣẹ́, ó yí padà sí àlejò, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó bi í bóyá kò sí àtúnṣe. Eruku ṣáà kì í ṣe wúrà, ó kún ẹ̀yìn ilé. Ṣé wọn kò lè bù díẹ̀ dà padà sí i ni? Ẹ̀rín fẹ́ pa Má-fọwọ́-kàn-án, inú rẹ̀ kò sì dùn.

"Àbúrò, eruku tí wọ́n dà àti eruku tó bà fúnra rẹ̀, wọn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà."

Ó wọ ìbọ̀wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kí ọkàn rẹ̀ má baà fò lọ. Ìyá gbé àga fún un, kò jókòó. Ìdí rẹ̀ kì í gbà á láti jókòó. Ìyàwó rẹ̀ a máa sọ pé bí wọ́n bá sin ín tán, yóò dìde láti yẹ pósí wò. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó fi tọ́ọ̀ṣì wo nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì: ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ rẹ̀ náà ni. Ó dùbúlẹ̀ sínú omi ọṣẹ, ó wo abẹ́, ó dìde kí ó tó wò ó tán, ó tún padà dùbúlẹ̀. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó tì í. Àwọn ọkọ̀ ìgbà náà, bí a bá ti ilẹ̀kùn wọn, wọ́n máa ń dún bí ìgbà tí ènìyàn bá pa ìwé ńlá dé. Ìyá kò fi omi kan inú rẹ̀ rárá. Awọ ìjókòó ti sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, ara sitiárìn sì dúdú níbi tí ọwọ́ méjì ti máa ń dì í mú. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀. Eruku lọ, òótọ́ kù.

Ó mú òòfà kékeré rẹ̀ jáde, ó fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé e kí ó má baà ha ọ̀dà. Ibi tí irin bá ti wà, òòfà á dì í mú. Ibi tí wọ́n bá ti fi pọ́tì dí ojú ọgbẹ́, á já bọ́. Ó fi kan búùtù, ó dì í mú. Ó fi kan ilẹ̀kùn méjèèjì, ó dì wọ́n mú. Nígbà tó dé fẹ́ńdà òsì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná iwájú, òòfà já bọ́ sí i lọ́wọ́.

Ó tún un ṣe. Ó tún já bọ́.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ojú sún mọ́ ọn. Ibẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Nísinsìnyí tí ọṣẹ ti kó eruku kúrò, ó hàn kedere: aró ibẹ̀ fẹ́lẹ́ ju ti ara yòókù lọ, bí aró tí wọ́n bu omi là, ipa búrọ́ọ̀ṣì sì wà lára rẹ̀. Ẹni tó ṣe é kì í ṣe ẹni tó kọ́ṣẹ́ títún ara ọkọ̀ ṣe.

Fóònù rẹ̀ dún. Onígbàǹjo ni. Ó ní àwọn òǹtẹ̀wé ń dúró: ṣé bẹ́ẹ̀ ni, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Má-fọwọ́-kàn-án jáde síta, ó rìn dé géètì, ó rìn padà. Ahọ́n rẹ̀ gbé "bẹ́ẹ̀ ni" dání. Ibi tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, ta ni yóò wò ó? Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ti torí ohun tó kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ ba ọjà ẹlòmíràn jẹ́, ní gbangba, pẹ̀lú ìgbéraga. Ó ní kí wọ́n má tíì tẹ̀ ẹ́. Ó pa fóònù kí Onígbàǹjo tó dá a lóhùn.

"Ta ló tún ibí ṣe?" ó béèrè nígbà tó wọlé padà.

Tíṣà ní kò sí ẹnì kankan. Bàbá òun tó ti dolóògbé kò jẹ́ kí ẹ̀dá sún mọ́ ọkọ̀ yìí. Òun wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan nígbà tí òun wà lọ́mọdé, etí ni ó fi fa òun jáde. Ìdí nìyẹn tí títà rẹ̀ kò fi dun òun.

"Èmi tí mo jẹ́ ọmọ rẹ̀, mi ò jókòó sínú ẹ̀ lọ ibì kankan rí."

Ìyá fi kànrìnkànrìn sínú garawa. Ó fi ara aṣọ nu ọwọ́, ìka kan lẹ́yìn òmíràn.

"Bàbá ẹ ló tún un ṣe," ó ní. "Èmi ni mo fi kọ lu òpó géètì."

Ó wá sọ ọ́, kò yára, bí ẹni tó ń ṣí ìdì ẹrù. Ó lóyún nígbà náà, ìyá ọkọ rẹ̀ sì ti kìlọ̀ pé aboyún kò gbọdọ̀ wọ ọkọ̀ tó rẹlẹ̀ tó báyẹn. Ṣùgbọ́n ó ń wu ú láti wà á, ó bẹ ọkọ rẹ̀ títí ó fi gbà. Ọkọ dúró sẹ́nu géètì, ó ń fi ọwọ́ júwe. Ẹsẹ̀ ìyàwó tẹ ohun tí kò yẹ kó tẹ̀. Kí ìyá ọkọ tó jáde wá wo ohun tó dún, ọkọ ti gbé ìyàwó kúrò, òun fúnra rẹ̀ ló bá nídìí sitiárìn. Ìyá ọkọ gba kọ́kọ́rọ́, ó sì ní kí ọkọ ṣèlérí pé òun kò ní wa ọkọ̀ náà mọ́. Ó ṣèlérí. Ó tún ibi tó wọnú ṣe fúnra rẹ̀, kò mọ iṣẹ́ náà rárá, ìyàwó sì jókòó sórí garawa tí wọ́n dojú rẹ̀ bolẹ̀, ó ń bá a po ọ̀dà.

"Àwọ̀ ò bára mu," ó ní. "Èmi ni mo pò ó."

Nígbà tí ìyá ọkọ kú, kọ́kọ́rọ́ padà sọ́wọ́ ọkọ. Ó fi kọ́ ara ògiri. Ó ní òun ti ṣèlérí fún ìyá òun, ìyá náà kò sì sí mọ́ tí yóò tú òun sílẹ̀ nínú rẹ̀.

Tíṣà bi í ní ìdí tí kò fi sọ ọ́ láti ìgbà yìí wá. Ìyá ní ẹ̀rù ìyá ọkọ ló kọ́kọ́ ń ba òun. Nígbà tí ẹ̀rù lọ, ó di ìtìjú. Nígbà tí ìtìjú fẹ́ lọ, ọkọ ti lọ.

"Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, òótọ́ á bá a lọ́jọ́ kan. Irọ́ tèmi ò lọ síbì kankan. Ó wà níbí, mo ń wo gáráàjì yìí láti ojú fèrèsé kíṣìnnì."

Má-fọwọ́-kàn-án ní ó yẹ kí òun sọ òótọ́ fún un: ẹni tó bá rà á yóò ha ibẹ̀ kúrò, yóò fi ọ̀dà tuntun sí i.

"Mo mọ̀. Ìdí tí mo fi fọ̀ ọ́ nìyẹn. Eruku ò jẹ́ kí n rí iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀." Ó yí ojú sí ọmọ rẹ̀. "Ìwọ sì ni oyún yẹn. Má sọ ọ́ mọ́ pé o ò jókòó sínú ẹ̀ rí."

Tíṣà bẹ̀rẹ̀, ó wo inú ọkọ̀.

Má-fọwọ́-kàn-án pe Onígbàǹjo. Ó ní kí ó yọ gbólóhùn yẹn kúrò. Onígbàǹjo pòṣé, ó ní ewé àkọ́kọ́ ńkọ́, àwọn ènìyàn á fi orúkọ Má-fọwọ́-kàn-án ṣe yẹ̀yẹ́. Má-fọwọ́-kàn-án ní kí wọ́n fi ṣe é. Onígbàǹjo ní kí ni kí wọ́n wá kọ?

"Kọ ọ́ pé ọwọ́ kàn án."

"Ọwọ́ ta?"

"Ọwọ́ ẹni tó ni ín."

Nígbà tó yí padà, Ìyá ti wà nídìí sitiárìn, ó di ibi dúdú méjèèjì mú. Tíṣà lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, ó wọlé, ó fa ilẹ̀kùn dé, orúnkún rẹ̀ fẹ́ kan àgbọ̀n. Wọ́n ń wo iwájú, níbi tí ògiri wà.

Ó yẹ kí Má-fọwọ́-kàn-án máa lọ. Kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ tirẹ̀ ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó da omi garawa nù, ó dojú rẹ̀ bolẹ̀ síbi fẹ́ńdà òsì, ó jókòó. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ lásán lé ojú pọ́tì náà. Kò dán. Ó mọ ibi tí ìka mẹ́ta ti fà á wálẹ̀ kí ó tó gbẹ, àti ibi tí ẹni náà ti padà sí, tó ń gbìyànjú láti mú un tẹ́jú. Láti ọdún tó ti ń sáré kiri lẹ́yìn ọkọ̀ tí ọwọ́ kò kàn, kò bi ara rẹ̀ rí pé ọwọ́ ta ni kò kàn án, àti nítorí kí ni.

Ó nawọ́ mú ife kan lórí pẹpẹ. Tíì ti tutù. Ó mu ún tán ní ìjókòó.