Aṣọ Tí Kò Lẹ́yìn

Ẹ̀rín ayàwòrán kan báyìí nìkan tó láti fi gba ilé lọ́wọ́ onílé. Dúró-Rẹ́rìn-ín ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fara ti ti Àǹtí Abẹ́rẹ́, obìnrin tó mọ aṣọ rán débi pé bó bá rán ṣòkòtò fún òpó iná, òpó ọ̀hún á fẹ́ jáde lọ ṣe fàájì.

"Àǹtí mi," ló wí lọ́jọ́ kan, "ẹ jẹ́ ká da oníbàárà wa pọ̀. Ẹni tó bá ránṣọ lọ́dọ̀ yín, ẹ darí ẹ̀ sí mi kó wá ya fọ́tò. Ẹni tó bá wá ya fọ́tò, màá ní kó wá ránṣọ. Ẹ ṣáà rán aṣọ díẹ̀ kọ́ sára ògiri mi, kí wọ́n rí iṣẹ́ ọwọ́ yín."

Inú Àǹtí dùn, orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà. Ó rán àwọn gáùn olówó iyebíye, ó sì rán wọn fẹ̀ bí àgọ́, kí ẹni tó sanra àti ẹni tó tín-ín-rín lè dán wọn wò. Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn.

Oníbàárà kọ́kọ́ ya wọlé bí omi. Nígbà tó yá, wọ́n dá wáí. Ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́ títí aláǹtakùn fi kọ́lé sí i, tó bímọ, tó tún ń gba àlejò. Bẹ́ẹ̀ sì ni èrò kún ọ̀dọ̀ ayàwòrán dé títì.

Àǹtí yọjú wò wọ́n. Ìyàwó oníbúrẹ́dì, oníbàárà rẹ̀ ọjọ́ pípẹ́, ló dúró níwájú kámẹ́rà nínú ọ̀kan lára àwọn gáùn tí Àǹtí rán kọ́ sára ògiri. Iwájú gún régé. Ẹ̀yìn ńkọ́? Pẹ́ẹ̀gì tí wọ́n fi ń sá aṣọ ló tò síbẹ̀ bí eyín ọ̀nì, tí wọ́n fún gáùn náà pọ̀.

"Ìyàwó wa, ṣé ẹ ò ránṣọ mọ́ ni?"

"Ẹ̀yin náà, Àǹtí! Fọ́tò ni mo fẹ́. Ta ló ń wo ẹ̀yìn?"

Dúró-Rẹ́rìn-ín ò tiẹ̀ tijú. "Ẹ má bínú o. Wọn ò bèèrè ẹni tó rán an mọ́."

Àǹtí já gbogbo aṣọ rẹ̀ kúrò lára ògiri. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ pé kó fi wọ́n sílẹ̀. Ìyẹn ló dùn ún jù.

Kò pẹ́ sígbà náà, ọmọ tó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tó ti ní ṣọ́ọ̀bù tiẹ̀, ń bọ̀ tòun ti òkè aṣọ.

"Ọ̀gá mi, èmi àti ayàwòrán ti jọ ń ṣe é o! Ó ní kí n rán wọn kó fẹ̀ dáadáa."

"Gbé e padà sílé. Á já oúnjẹ gbà lẹ́nu ẹ."

Ọmọ náà bú sẹ́rìn-ín. "Háà, ọ̀gá. Ìlara ò yẹ yín."

Ẹrù ga bo ojú rẹ̀, kò rí ilẹ̀kùn ayàwòrán. Àǹtí ló ṣí i fún un.