Nọ́ọ̀tì Bíréèkì Kẹ̀kẹ́ Onílé

Sípánà náà wà nílẹ̀ níbi tí Láwàlì jù ú sí láàárọ̀, nígbà tó ń dọ̀bálẹ̀ fún Àlàájì Sàlàhúdíìnì tó ni ṣọ́ọ̀bù. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti mú un, àyà rẹ̀ sì já. Nọ́ọ̀tì tó di wáyà bíréèkì kẹ̀kẹ́ mú, ọwọ́ lásán ló fi yí i. Ó fẹ́ fi sípánà dì í pinpin ni Àlàájì wọlé.

Àlàájì kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń kí ní kíákíá. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀, á béèrè ìyá, á béèrè ìyàwó, á béèrè ọmọ, á béèrè dórí ewúrẹ́ ilé. Láwàlì sì ni ọmọ tí wọ́n kọ́ yanjú ní Òwu, àyà rẹ̀ kò kúrò nílẹ̀ títí bàbá fi parí. Nígbà tó máa dìde, Àlàájì ti na ọ̀pá sí Mùsílíù, àbúrò Láwàlì, tó ti jókòó sínú kẹ̀kẹ́.

"Kí lo tún ń dúró ṣe? Máa lọ!"

Ta ló máa ní kí Àlàájì ní sùúrù? Mùsílíù gbéra, ó di Òṣíẹ̀lẹ̀.

Kẹ̀kẹ́ tí mo ń wí yìí kì í ṣe kẹ̀kẹ́ tí gbogbo wa mọ̀. Kẹ̀kẹ́ onílé ni wọ́n ń pè é ládùúgbò. Táyà méjì níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn. Ẹni tó ń wà á á fẹ̀yìn tì, á na ẹsẹ̀ síwájú, páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ á sì bò ó láti ìka ẹsẹ̀ dé ọrùn, tí òjò kò ní pa á. Pákó ni Láwàlì àti Mùsílíù fi ṣe èkíní, àwọn ọkùnrin mẹ́rin ló ń gbé e. Èkejì dojú dé ní kọ́nà. Ẹ̀kẹta yìí ló gbọ́ràn, ní ọdún 1984 tí epo wọ́n, tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń sùn sí ilé epo. Àlàájì sì ti sọ ọ́ láìfi igbá kan bọ̀kan nínú: bí kẹ̀kẹ́ náà bá lọ Òṣíẹ̀lẹ̀ tó sì bọ̀ láyọ̀ ní Àlàmísì, kí wọ́n máa ṣe é lọ níbẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kó jáde ní Sátidé, òun fẹ́ kó sìmẹ́ńtì síbẹ̀.

Àlàmísì ọ̀hún rèé. Àmọ́ ta ló ń ro ti ṣọ́ọ̀bù? Àlọ, òkè ló pọ̀ níbẹ̀, ẹsẹ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Àbọ̀ ni gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ gígùn nì wà, tó parí síbi tí tírélà ti ń yà. Ọmọ ìyá kan ṣoṣo tí Láwàlì ní ló sì wà nínú páànù yẹn.

Ó ju sípánà sápò, ó fò lé kẹ̀kẹ́ oníbàárà kan. Bùsírátù ìyàwó rẹ̀ ń pè é pé oúnjẹ ti délẹ̀, kò dáhùn. Lójú ọ̀nà, ó ń wo ojú gbogbo ẹni tó ń bọ̀ láti Òṣíẹ̀lẹ̀. Bí wọ́n bá ń rẹ́rìn-ín, ara á tù ú díẹ̀. Bí wọ́n bá dákẹ́, á tún sáré sí i.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rí kẹ̀kẹ́ kan tí páànù bò?"

"Èyí tó rí bí ẹja? Ó ti kọjá tipẹ́. Ọlọ́run má jẹ́ ó kọ lu ọmọ ẹni!"

Ẹ̀rù bà á gidi. Ó ń sunkún lórí kẹ̀kẹ́ bí ọmọdé, kò sì tijú.

Nígbà tó dé orí òkè, èrò ti pé jọ. Ọkọ̀ Pijó tí Àlàájì fi tẹ̀ lé Mùsílíù wà lẹ́bàá ọ̀nà, Mùsílíù sì dúró tì í, ó ń jẹ ọsàn. Láwàlì ní alihamudulilahi. Kò tíì mí kanlẹ̀ tó fi rí fìlà funfun tó yọ lórí kẹ̀kẹ́ onílé. Àlàájì fúnra rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, ó fẹ́ dán an wò, ó na ẹsẹ̀, ó kọjú sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin méjì ti gbé ọwọ́ lé ẹ̀yìn láti tì í.

Láwàlì kò dọ̀bálẹ̀. Ó ju kẹ̀kẹ́ oníkẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó sáré dí iwájú, ó fi ọwọ́ méjèèjì ti imú páànù náà.

"Ẹ sọ̀kalẹ̀!"

"Bọ̀ọ̀dá," Mùsílíù ní, "ṣé kò sí nǹkan? Àlàájì mà ni!"

"Láwàlì." Ohùn Àlàájì rọ̀ jẹ́jẹ́, èyí tó burú ju ariwo lọ. "Èmi lo dúró lé lórí báyìí? Láìkí mi?"

Láwàlì rí ṣọ́ọ̀bù náà lójú ọkàn rẹ̀, sìmẹ́ńtì kún un dé àjà. Kò kúrò níbẹ̀.

"Ẹ fa bíréèkì, sà. Ẹ kàn fà á."

Àlàájì fà á. Wáyà yọ pọ́rọ́ tẹ̀ lé ọwọ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀tì jábọ́ sórí títì, ó yí lọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, gbogbo wọn ń wò ó títí wọn kò fi rí i mọ́.

"Nígbà tí ẹ wọlé láàárọ̀," Láwàlì ní, "ọwọ́ mi wà lórí nọ́ọ̀tì yẹn. Mo fi í sílẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀ fún yín. Ẹ̀bi mi ni."

Àwọn ọ̀dọ́kùnrin náà fa Àlàájì jáde lọ́wọ́ méjèèjì, ó pẹ́ díẹ̀, fìlà rẹ̀ sì já bọ́. Òun fúnra rẹ̀ ló mú un nílẹ̀. Ó wọ Pijó, ó lọ.

Láàárọ̀ Sátidé, Láwàlì ti di ẹrù, ó ń dúró de ọkọ̀ sìmẹ́ńtì. Ọwọ́ rẹ̀ kò lè sinmi, ló bá ń fi nọ́ọ̀tì tuntun sí bíréèkì. Òjìji bọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Ó rí Àlàájì, ó ju sípánà, orúnkún rẹ̀ ti fẹ́ kanlẹ̀.

Àlàájì na ọ̀pá sí i. "Dì í tán ná."

Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà nínú oòrùn títí Láwàlì fi dì í pinpin tó sì fà á wò lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà náà ni Láwàlì tó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

"Ẹ̀n-ẹ́n," Àlàájì ní, "ọkọ̀ sìmẹ́ńtì ò ní wá mọ́." Ó fa àga kan jáde láàárín ẹrù tí wọ́n dì, ó jókòó. "Ìyá rẹ ńkọ́?"