Ẹni Tí Dúrótoyè Ń Bọ́

Owó ńlá kọ́ ni, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí á tan ara wa. Ṣùgbọ́n owó tí ènìyàn kò fojú sọ́nà fún máa ń tóbi lójú ju owó oṣù lọ, pàápàá lójú òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń gbé Ìsìkàn ní Àkúrẹ́, tí àwọn ọmọ rẹ̀ wà ní ilé ẹ̀kọ́ aládàáni. Dúrótoyè gba owó náà ní Alágbàká ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, ó fi í sí àpò inú, ó sì ń rìn lọ sílé jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ẹyin.

Owó orí tí ìjọba dá padà fún un ni. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń gé e ju bó ṣe yẹ lọ nínú owó oṣù rẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sì jẹ̀bi, nítorí kò lọ sọ iye ẹnu tí òun ń bọ́ fún wọn. Adépọ̀jù, tí wọ́n jọ ń jókòó ní ọ́fíìsì, ló là á lójú pé bí ọmọ bá wà lọ́rùn ènìyàn, tí òbí arúgbó sì wà lọ́rùn rẹ̀, òfin ní kí wọ́n dín owó orí rẹ̀ kù, kí wọ́n sì dá èyí tí wọ́n ti gbà lé padà. Ni Dúrótoyè bá gba ọ́fíìsì owó orí lọ. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Sherifat ló bá níbẹ̀. Ó béèrè àwọn ọmọ, ó kọ wọ́n sílẹ̀, ó wá gbójú sókè.

"Òbí ńkọ́, sà? Ta lẹ̀ ń bọ́?"

"Ìyá mi. Wọ́n wà ní Oǹdó."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ lẹ́nu rẹ̀ wẹ́rẹ́. Sherifat rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ kú ìtọ́jú ìyá, sà. Bí ẹ ṣe ń ṣe é fún wọn yẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ọmọ yín máa ṣe é fún yín."

Dúrótoyè ṣe àmín, ó sì tètè fọwọ́ sí ìwé náà. Láti ìgbà tí àwọn ọmọ ti wọ ilé ẹ̀kọ́ aládàáni yẹn, kò fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ òun nìkan lọmọ tó kù fún un. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn rẹ̀. Ó kàn ń sún un síwájú ni: bó bá di oṣù tó ń bọ̀, bó bá di Kérésì, bí ìjọba bá fowó kún owó wa. Nígbà tó yá, ojú ń tì í láti dé ilé lọ́wọ́ òfo, ni kò bá lọ mọ́ rárá. Bí ọmọ onílé ṣe ń di àlejò nílé bàbá rẹ̀ nìyẹn.

Ìbídùnní, ìyàwó rẹ̀, ti mọ ohun tí wọn ó fi owó náà ṣe kí ó tó dé. Ilẹ̀ kan wà ní Ipogun, onílẹ̀ sì ti ń kánjú.

"Bàbá Kíkẹ́, bí a kò bá fi owó yìí ra nǹkan tó ṣeé fọwọ́ tọ́ka sí, gaàrí àti epo ni yóò jẹ ẹ́ tán. Ọjọ́ Ajé ni ká lọ san án."

Òtítọ́ ló sọ, kò sí ọlọ́gbọ́n tí yóò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ìgbàkúgbà tí Dúrótoyè bá fọwọ́ kan owó náà, ohùn Sherifat ló ń gbọ́. Ta lẹ̀ ń bọ́? Apá kan nínú owó yìí, orúkọ ìyá tí kò bọ́ ló fi gbà á. Olè ni ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ ń pè é. Ní àárọ̀ Sátidé, ó yọ díẹ̀ sínú àpòòwé fún ìyá rẹ̀, ó kó ìyókù sí àpò ṣòkòtò kí gaàrí àti epo má baà rí i nílé, ó sì wọ mọ́tò Oǹdó.

Kí wọ́n tó kọjá odò Ọ̀wẹnà, ó ti to àwáwí jọ. Yóò ní ara òun kò yá. Yóò ní iṣẹ́ pọ̀. Èyíkéyìí tí ìyá rẹ̀ bá gbà, yóò tì í mọ́ ọn lọ́wọ́ pẹ̀lú àpòòwé náà, yóò sì tètè padà.

Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n wà nígbà tó dé, ìyá rẹ̀ àti Agnes aládùúgbò wọn, wọ́n ń ṣẹ́ ẹ̀gúsí. Bí Agnes ṣe rí i, ó fò dìde.

"Dúrótoyè! Ọmọ dáadáa! Ọmọ tó fi páànù tuntun bo ìyá rẹ̀ lórí!"

Dúrótoyè tó ń dọ̀bálẹ̀ gbójú sókè láti ilẹ̀. Lóòótọ́, páànù tuntun ló wà lórí ilé, ó ń dán nínú oòrùn. Kò rà á. Kò tilẹ̀ mọ̀ pé ògbólógbòó ti ń jò.

"Awò ojú tó o rà yẹn náà bá wọn lójú mu. Wọ́n ti ń fúnra wọn ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì," ni Agnes ń bá lọ. "Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́, bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ìwọ ni mo fi ń bú àwọn ọmọ tèmi o!"

"Ẹ ṣeun, Àǹtí Agnes," ni Dúrótoyè wí. Kò mọ ibi tí yóò gbójú sí. Ó wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ tẹjú mọ́ ẹ̀gúsí.

Ó yọ àpòòwé náà, ó nà án sí i. Ìyá fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó sì gbé e sókè díẹ̀, kí ẹni tó bá fẹ́ rí i lè rí i.

"Ti oṣù yìí mà tètè dé o. O ṣeun, ọmọ mi."

Dúrótoyè fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì. Agnes da àdúrà bò ó títí, kó tó gba ilé rẹ̀ lọ.

Nínú yàrá, Dúrótoyè rí i pé àpótí tí ìyá rẹ̀ ń kó aṣọ sí ṣí sílẹ̀. Àlàárì, aṣọ òfì pupa tí ìyá àgbà hun fún ìyá rẹ̀, èyí tó máa ń sọ pé kí wọ́n fi tẹ́ òun bí òun bá kú, kò sí níbẹ̀ mọ́.

"Màámi, ta ló ra páànù?"

"Òjò ń rọ̀ sí mi lórí ibùsùn," ni ìyá wí, ó sì jókòó. "Mo ta àlàárì. Èyí tó ṣẹ́kù ni mo fi ṣe awò ojú. Tí mo bá ní mo ta aṣọ, wọn á bi mí pé ọmọ mi ńkọ́. Mo ní ìwọ lo fowó ránṣẹ́." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mo mọ̀ pé kò sí lọ́wọ́ rẹ ni. Wọ́n ní ìjọba kì í sanwó fún yín déédéé. Gbogbo àárọ̀ ni mò ń fẹjọ́ wọn sun Ọlọ́run."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló wó Dúrótoyè mọ́lẹ̀. Irọ́ kan náà ni òun àti ìyá òun pa. Òun pa tirẹ̀ ní Àkúrẹ́ kí ó lè rówó gbà. Ìyá pa tirẹ̀ ní Oǹdó kí ojú má baà ti ọmọ rẹ̀. Ilẹ̀ Ipogun kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó kó gbogbo owó tó wà nínú àpò ṣòkòtò rẹ̀, ó dà á sí ìyá rẹ̀ lẹ́sẹ̀, orí ìkúnlẹ̀ ló sì wà tí ẹkún fi gbà á lẹ́nu.

"Ìjọba ń sanwó, Màámi! Kò sí oṣù tí wọn kò san. Mo tún sọ fún wọn pé mò ń bọ́ yín, wọ́n gbà mí gbọ́, wọ́n dá owó orí mi padà. Wọn kò ṣẹ̀ yín. Èmi ni! Èmi ni mi ò ṣe é!"

Ìyá rẹ̀ dìde. Dúrótoyè rò pé yóò gbá òun létí, ó sì fẹ́ kó gbá òun. Ṣùgbọ́n ìyá ré owó náà kọjá nílẹ̀ láì wò ó, ó lọ sídìí fèrèsé tó kọjú sí ilé Agnes, ó sì rọra pa á dé.

"Rẹ ohùn rẹ sílẹ̀," ni ó wí. "Agnes á gbọ́."